Pákó tí ajá mi ń gùn wọ mọ́tò ń mì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tanímọ̀la, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ajá mi, Tanímọ̀la, German Shepherd ni, ó ti pé ọdún 11, ó sì tó kílò 34. Láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dùn ún ni kò ti lè fò wọ búùtù jíìpù mọ́, èmi náà kò sì lè gbé e nítorí ẹ̀yìn tó ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí káfíńtà àdúgbò gé pákó kan fún mi, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, mo wá fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó lórí. Tí a bá gbé e kalẹ̀ nínú pálọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n iwájú ilé wa, ilẹ̀ pupa ni, àgbàrá ti gbẹ́ ẹ, ibì kan ga, ibì kan kòtò, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà káàkiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a fẹ́ lọ rí dókítà. Ó ti gun pákó náà dé ìdajì kí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì tó dún gbì. Pákó yí, ajá ré bọ́, àyà ló fi lélẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ó dìde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti fojú kan pákó yẹn báyìí, á fìdí kalẹ̀, á máa gbọ̀n. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí èmi ni mo ń sọ fún un pé “gùn ún, gùn ún, kò sí nǹkan kan.” Mo ti fi òkúta ki abẹ́ rẹ̀, òkúta ta dànù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá àgbà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Bruno, Ìkòròdú

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ewu. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 méjì, ẹ gbé wọn sí abẹ́ ibi tó kòtò yẹn. Bí èmi ṣe ń ṣe fún Rottweiler mi nìyẹn, kò tíì ṣubú rí.

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Bàbá Bruno, ẹ má bínú sí mi o, sà, búlọ́ọ̀kù kọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò, yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ. Bí igun pákó bá ń tẹ̀ ẹ́ lójú kan, á máa rún díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ tó máa là. Bí èyí tí ẹ̀ ń lò bá ti le dáadáa, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa wo ojú rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí pákó yín, torí ó kúrú. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ilẹ̀ dé ẹnu búùtù. Ọ̀pọ̀ jíìpù, á tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí gíga yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkàbà. Bí pákó bá sì ṣe dúró tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ á ṣe máa wá ọ̀nà àtisá sẹ́yìn. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni pé bí gíga bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1, kí pákó gùn tó 3. Tiyín á jẹ́ 7 ààbọ̀. Odidi plywood jẹ́ 8 ní gígùn, 4 ní ìbú. Ẹ ní kí wọ́n là á sí méjì ní òró, ẹ ti rí pákó méjì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yín.

Kó jẹ́ èyí tó nípọn tó mílímítà 18. Kí káfíńtà kan igi tó nípọn tó íǹṣì 2, tó sì fẹ̀ tó 3, mọ́ abẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì látòkè délẹ̀, kó gbé igi náà nàró, kó má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Láìsí igi yẹn, àárín pákó á máa tẹ̀, ajá kò sì gbà kí ilẹ̀ máa tẹ̀ lábẹ́ òun. Á wúwo o. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣe é ká, ẹ ní kó gé e láàárín, kó fi ìńjì há a, àmọ́ abẹ́ ni kí ìńjì náà wà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ajá bá dé àárín, ẹnu pákó méjèèjì á gbún ara wọn lókè, wọn ò ní lè wó wọlé. Bí ìńjì bá wà lókè, ibẹ̀ gan-an ló máa ti já.

Ní ti “gbì” tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn: igun 4 ni pákó ní, ilẹ̀ tó gbágun kì í gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra lẹ́ẹ̀kan. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ibi yòówù kẹ́ ẹ to ààrò mẹ́ta sí, ìkòkò á jókòó, nítorí mẹ́ta máa ń rí ilẹ̀ tẹ̀ nígbà gbogbo. Ìkẹrin ló máa ń fò sókè. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìkẹrin lè gùn kó sì lè kúrú. Ẹ ti rí ẹsẹ̀ máṣíìnì ìfọṣọ rí, àbí? Èyí tí wọ́n máa ń yí kó má baà mì. Ohun kan náà ni. Ẹ gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ, kó jó nọ́ọ̀tì mọ́ irin pẹlẹbẹ méjì, kí ẹ kan irin náà mọ́ igun ìsàlẹ̀ pákó lọ́tùn-ún àti lósì. Kó fi bóòtù tó gùn tó íǹṣì 6 sínú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kó wá jó irin íǹṣì 4 níbùú lóròó mọ́ ìdí bóòtù, kó má baà rì sínú erùpẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó kòtò, ẹ yí bóòtù wálẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó ga, ẹ yí i gòkè. Ẹnu pákó á ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ fi awẹ́ rọ́bà táyà bò ó kí ajá má baà fi èékánná kọ́ ọ.

Kí ajá tó gùn ún, ẹ fi ẹsẹ̀ yín tẹ igun kan, ẹ tún tẹ èyí tó kọjú sí i lókè. Ẹ tẹ́tí. Bó bá dún rárá, kò tíì jókòó. Mo tún máa ń fi awẹ́ páálí ṣe é: tí páálí bá kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ kan láìjẹ́ pé ohun kan dí i, ẹsẹ̀ yẹn kò tẹlẹ̀.

Dírẹ́bà Mushin

Káfíńtà, ẹ ṣeun, mo kọ́ ẹ̀kọ́ lára ọ̀rọ̀ ìńjì yẹn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni kí èmi sọ, nítorí ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mì.

Mọ́tò fúnra rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ajá kílò 34 bá gbé ẹsẹ̀ méjì iwájú sínú búùtù, spring ẹ̀yìn á rẹlẹ̀, orí pákó á sì sún díẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó dì í mú, sísún díẹ̀ yẹn ló máa fi yọ lórí bọ́ńpà. Ẹ wo inú ẹnu búùtù, ẹ máa rí irin kékeré tí lọ́ọ̀kì máa ń gbá mú. Ẹ wá bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de ẹrù mọ́ mọ́tò, ẹ fà á gba inú irin yẹn, ẹ so ó mọ́ orí pákó kó le pinpin. Bí orí bá ti há, ìdí kò ní lè sá sẹ́yìn. Èmi gbà pé ìdè yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo òkúta tẹ́ ẹ lè kì sábẹ́ lọ. Ẹ rántí tú u kẹ́ ẹ tó ti búùtù o.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa hánbíréèkì. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀, ẹ fi igi dí táyà méjì, ẹ má gbé òkúta roboto tó lè yí. Ẹ sì lè dín wàhálà kù nípa ibi tẹ́ ẹ páàkì sí: ẹ fi ìdí mọ́tò kọjú sí ibi tí ilẹ̀ ti ga, ẹ máa rí i pé ẹnu búùtù á sún mọ́ ilẹ̀, pákó náà á sì tẹ́ sí i. Nígbà tí mo ń gbé ọ̀gá mi kan pẹ̀lú Boerboel rẹ̀, ajá ńlá kan, kiri, ibi kan náà ni mo máa ń páàkì sí lójoojúmọ́ nítorí èyí.

Àǹtí Bọ́lá, Lewisham

Mo kí gbogbo yín láti London. Dachshund ni tèmi, ajá kúkúrú tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Irú wọn máa ń ní àìsàn egungun ẹ̀yìn, nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín egungun á yọ tẹ iṣan, ajá lè ti ibẹ̀ rọ. Nítorí náà, mi ò fẹ́ kó fò rárá, ì báà ṣe lórí àga.

Níbi, ojú títì máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè ṣàn, etí rẹ̀ sì ga. Pákó tí mo bá gbé kalẹ̀ níbẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti kíyè sí i pé ajá mi kò bẹ̀rù ìgòkè tó bó ṣe ń bẹ̀rù kí nǹkan tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo ń lò ni àpò kékeré tí mo rọ yanrìn sí dé ìdajì, mo wá rán ẹnu rẹ̀. Ìdajì o. Mo kọ́kọ́ rọ ọ́ kún, ńṣe ló ń yí bíi bọ́ọ̀lù lábẹ́ pákó. Ìdajì yẹn ló máa ń rọ̀, tó máa ń gba ìrísí ilẹ̀ àti ti pákó mọ́ra. Mo gbé e sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó lọ sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó ki.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá pákó ti dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ẹ wá ìgò omi oníke, ẹ bu omi sí i kó ku díẹ̀ kó kún, ẹ dé e, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú lórí pákó. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sá lọ síbi tó ga. Nígbà tó bá dúró sí àárín, ó ti tó.

Pákó onírin tí wọ́n ń tà, mi ò gbà á. Ó fúyẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń dún bí agolo, ajá mi kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Nílé ní Nàìjíríà, nínú oòrùn, ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò láìjẹ́ pé ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò ní gbà á. Rọ́bà dúdú náà máa ń gbóná bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ẹran, Ògbómọ̀ṣọ́

Màmá, kí n tó sọ ohunkóhun nípa pákó: ẹ ní àyà ló fi lélẹ̀. Ṣé ó ń mí dáadáa? Ṣé ó ń wúkọ́, ṣé ìdí eyín rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀, ṣé ó ń ya ẹsẹ̀ iwájú kan? Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, ẹ má dúró de pákó tuntun, ẹ wá ẹni méjì tó máa fi aṣọ gbé e wọ mọ́tò lónìí.

Ẹ̀rù tó ń bà á, kì í ṣe agídí. Pákó tó mì lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ ọ pé kò yẹ kó gbára lé e. Ẹ má fi okùn ọrùn fà á. Ẹ wá bẹ́líìtì àyà fún un. Nígbà tí pákó tuntun bá dé, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nínú ilé, kò ní ga rárá. Ẹ fi pọ̀nmọ́ tàbí ohun tó fẹ́ràn sí ìdí rẹ̀, sí àárín, sí orí. Ẹ jẹ́ kó máa rìn kọjá lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí rẹ̀ lé nǹkan tó ga tó íǹṣì 4. Tí kò bá bẹ̀rù, ẹ fi kún un. Ọjọ́ tó bá kọ̀, ẹ padà sí ìwọ̀n ti àná.

Kì í ṣe ìgòkè nìkan, ẹ wo ìsọ̀kalẹ̀. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n ajá ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, nígbà tó bá sì ń sọ̀kalẹ̀, ó tún ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni pákó tó dúró gàn-ùn-gàn-ùn ti ń ba èjìká jẹ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìhà tí ilẹ̀ ti jìn. Ní ti ìbàdí tó ń dùn ún, ẹ mú ọ̀já tẹ́ ẹ fi pọn ọmọ yín rí, ẹ gbà á gba abẹ́ ikùn rẹ̀ níwájú itan ẹ̀yìn, ẹ di etí méjèèjì mú lókè. Ẹ kò ní gbé e o, kí ọ̀já kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ le ni. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ̀, á bá yín lọ́wọ́.

Ìyá Tanímọ̀la, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun o, Dókítà. Ó ń mí dáadáa, kò wúkọ́, ìdí eyín rẹ̀ pupa. Ẹsẹ̀ iwájú òsì ló ń yà díẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ aládùúgbò méjì ti bá mi fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì gbé e, a ti lọ, a ti bọ̀: dókítà ní iṣan ló fà, ó ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ 2. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Káfíńtà han ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ó ní òun gbà, àṣé òun fúnra rẹ̀ rò pé kó kúrú ló máa jẹ́ kó le.

Ìbéèrè kan: kí ni kí n fi bo ojú rẹ̀? Kápẹ́ẹ̀tì tí mo fi sí tẹ́lẹ̀, nígbà tí òjò pa á, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Àbúrò Ṣàgámù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ fi tèmi kún un. Lhasa Apso, ajá kékeré, ni mo ní, pákó ló fi ń gun bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ wa táìsì ni, kò gbágun, ṣùgbọ́n pákó ń yọ̀ lọ.

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Àbúrò, gba ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà lọ, kó fún ẹ ní rọ́bà inú táyà tó ti bàjẹ́, gé e, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pákó, nu táìsì kó gbẹ. Ó tán.

Màmá, kápẹ́ẹ̀tì kò dára níta. Ẹ kun pákó ní ọ̀dà olóròóro, kó tó gbẹ, ẹ fọ́n yanrìn odò lé e, èyí tẹ́ ẹ ti fi asẹ́ jọ̀ kó kúnná. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbọn èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn dànù, ẹ tún fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi yanrìn tó rí gbàǹgbà, á bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Àwọn kan máa ń kan igi tín-ín-rín ní ìbú ìbú bí àkàbà. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajá àgbà, torí tí kò bá lè gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa, ibẹ̀ ló ti máa kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí pákó ga tó íǹṣì 2 lápá méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mọ ibi tí pákó parí sí.

Bàbá Bruno, Ìkòròdú

Mo ti lọ wo búlọ́ọ̀kù mi. Ọ̀kan ti sán láti ẹ̀gbẹ́. Káfíńtà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Màmá, bí ilé bá jẹ́ tiyín, tí mọ́tò sì máa ń dúró sójú kan, ẹ kúkú pe bíríkìlà. Síbi tí ìdí pákó á ti máa jókòó, èmi máa da kọnkéré ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, 3 lóròó, tó nípọn tó íǹṣì 4: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4. Kó tó le, kí ó fi ìgbálẹ̀ fà á lójú kó má baà yọ̀. Kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí táyà ẹ̀yìn ń dúró. Ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ òjò, nítorí bóòtù irin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, á ṣì rì.

Ìyá Tanímọ̀la, Ìbàdàn

Mo padà wá, ọ̀sẹ̀ 5 ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

A ṣe pákó ẹsẹ̀ bàtà 8, ìńjì wà lábẹ́, ẹsẹ̀ bóòtù wà. Ìlà ara bóòtù àkọ́kọ́ dí pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa lọ́jọ́ kejì, kò yí mọ́. Mo fi gíríìsì pa á, mo wá fi ọ̀rá wé e, ó ti ń yí báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn lórí rẹ̀ nínú pálọ̀, ọjọ́ karùn-ún ó sùn sórí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e síta, ó tún kọ̀, nítorí náà mo padà sí íǹṣì 4, bí Dókítà ṣe wí. Ó gbà mí ní ọjọ́ 9 kó tó wọ mọ́tò.

Lánàá, mo tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tẹ́tí, kò dún. Mo so bẹ́líìtì, mo gba ọ̀já gba abẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó dúró, ó wo ojú mi, ó tún gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò. Ó wá fi ẹsẹ̀ gbá pákó náà lẹ́ẹ̀méjì, bí mo ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò mì, ó gùn ún lọ láìdúró. Omi bọ́ lójú mi.

Kọnkéré ń bọ̀ nígbà tí owó bá dé. Ṣé mo lè máa fi pákó náà sílẹ̀ níta lálẹ́, kó fẹ̀yìn ti ògiri?

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Rárá o, Màmá. Ikán. Bí ìdí rẹ̀ bá ń sùn lórí erùpẹ̀, ikán á jẹ igi abẹ́ rẹ̀ tán nínú, ọ̀dà òkè á ṣì máa dán. Ẹ gbé e wọlé, tàbí kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ìṣó á tú, nọ́ọ̀tì á dẹ̀: ẹ máa fi sípánà yí wọn le lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí òjò á fi padà dé. Ẹ bá mi kí Tanímọ̀la.